Ibi Tí Bàbá Mi Jókòó Sí Nínú Ọkọ̀

Ilé Kẹrìnlá,
Àdúgbò Muharram Bey,
Alẹkisáńdíríà,
Íjíbítì.
9 Oṣù Kẹta, 1998.

Bahgat, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni ìwọ àti Samya wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti rọlẹ̀? Ẹ kú ìfaradà eruku Kùwéètì. Ní tèmi, ara le, Ọlọ́run ṣeun. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní tí o bá wálé nígbà ooru, kí a jọ wa ọkọ̀ bàbá mi lọ sí etíkun Agami bíi ti àtijọ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn ni mo fẹ́ sọ, kò sì dùn ún sọ.

O rántí pé bàbá mi kúrú. Nígbà tí wọ́n ra Peugeot 404 yẹn, ẹsẹ̀ wọn ò tó bíréèkì dáadáa, ni wọ́n bá ní kí wọ́n lu ihò tuntun mẹ́rin sí ilẹ̀ ọkọ̀, kí àga awakọ̀ lè sún síwájú. Lẹ́yìn ikú wọn, Shawqi àbúrò mi ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sún àga náà. O mọ bí àwa méjèèjì ṣe ga tó. Ọdún méje gbáko la fi wa ọkọ̀ náà pẹ̀lú orúnkún lẹ́bàá àgbọ̀n, tí à ń pè é ní ọ̀wọ̀ fún òkú.

Ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, mo tẹ bíréèkì, bóòtù tó de àga mọ́lẹ̀ lẹ́yìn lápá òsì sì fà tu, àga bá gbé mi sẹ́yìn. Mo rọra wà á dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Abdu, wẹ́dà ẹ̀yìn ibùdó rélùwéè. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó fi ìka kan ṣoṣo ti ilẹ̀ ọkọ̀ níbi ihò bàbá, ìka náà sì wọlé ṣinrin. Iyọ̀ òkun ti jẹ irin náà tán.

Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, bébà lẹ jókòó lé láti ọjọ́ yìí!"

Ó fi hàn mí pé ihò tí ọkọ̀ bá wáyé wà lórí irin nínípọn tó gba abẹ́ kọjá, ó sì le koko síbẹ̀. Orí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lásán ni ti bàbá wà. Ó ní òun á gé èyí tó dípẹtà kúrò, òun á jó irin tuntun dí i, kí àga padà sí ipò àkọ́kọ́. Mo ní kó ṣe é.

Ọjọ́ Jímọ̀, nídìí oúnjẹ nílé Inaam àbúrò wa obìnrin, mo sọ ọ́ fún Shawqi. Ó gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti wá lé bàbá dìde báyìí?"

"Irin la fẹ́ jó, Shawqi."

"Irin! Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ́ títọ́jú ìwé àwọn òkú ìlú yìí, ẹ ò lè fi ihò mẹ́rin sílẹ̀ fún ẹni tó bí yín!"

Inaam ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jẹ ẹja yìí ná, àga ò ní sá lọ."

Mo dá Shawqi lóhùn pé tó bá fẹ́ máa sin àga, kó gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó gbóná, ó ti fi okùn fa ọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ Abdu.

Ẹnì kan tí n kò mọ̀ ló bá a fi pọ́tì dí ilẹ̀ náà, ó lẹ irin tó fẹ́lẹ́ bí agolo mọ́ ọn, ó kùn ún ní dúdú, ó sì dá àga padà sí ihò bàbá. Ó dán lójú. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, takisí kan dúró lójijì níwájú Shawqi lọ́nà etíkun. Bó ṣe ń tẹ bíréèkì ni àga ń tu lọ sẹ́yìn, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kúrò lórí bíréèkì. Ògiri òkun ló dá a dúró. Egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Àwọn dókítà ní kò ní rìn láìlọ́pàá mọ́.

Ohun tó ń sọ fún àwọn tó ń kí i ni pé àtìgbà tí mo ti fọwọ́ kan àga yẹn ni bàbá ti ń bínú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé gúáfà lọ kí i. Nígbà kẹta, Inaam dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti sùn." Mo ń gbọ́ ẹ̀rín Shawqi láti inú yàrá. Mo gbé gúáfà mi padà sílé.

Abdu ló wá tún ọkọ̀ náà ṣe. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ gbà á, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, torí kò mọ ìdí tí Shawqi fi gbé ọkọ̀ kúrò lọ́jọ́sí. Ó bi mí pé:

"Ṣé torí ibi tí bàbá yín jókòó sí ni? Kí ló dé tí ẹ ò sọ? Ǹ bá jó irin nínípọn kan gba abẹ́ ihò wọn kọjá, láti ẹ̀gbẹ́ dé àárín. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Àga ì bá wà níbi tí wọ́n fi í sí, kò sì ní mì."

Mo ní èmi rò pé kò ṣeé ṣe ni.

Ó ní, "Ẹ ò bi mí."

Bahgat, mo ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí Shawqi nígbà mẹ́ta, mo sì fa ìwé náà ya nígbà mẹ́ta. Bá mi kí Samya àti àwọn ọmọ. Bí o bá dé, èmi ni màá wá pàdé rẹ ní pápákọ̀ òfúrufú, ṣùgbọ́n ìwọ nìkan ni yóò lọ kí Shawqi. Má dárúkọ mi níbẹ̀.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Lutfi.