Sàárà tí a ṣe fún Ẹsẹ̀ Obed

Agboolé Aláṣẹ,
Bẹ́yẹrúnkà, Ìbàdàn.

Muhydeen, ọmọ mi,

Mo kí ẹ kú iṣẹ́, mo kí ẹ kú ìrìn, mo kí Qúdrát ìyàwó mi, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ fi òógùn jìyà ní Àbújá yẹn, kí iná ilé yín má kú, àní ti jẹnẹrétọ̀ pàápàá. Àlàáfíà ni a wà. Ọṣẹ ń tà l'Ọ́jà'ba, ewúrẹ́ mi bí mẹ́ta, àwọn tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀ ti ń kí mi, nítorí ìyá rẹ ti di akẹ́kọ̀ọ́. Má rẹ́rìn-ín.

Ìwọ lo fà á. Ṣé o rántí ọdún Iléyá, tí o gbé fóònù fún Ayọ̀mikún ọmọ rẹ, tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wàràwàrà, tí èmi ń ṣe ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n, títí ó fi dá fóònù padà fún ẹ? Ó dùn mí wọra. Ọmọ ọmọ mi kan ṣoṣo, ọmọ ọdún méje, kò rí ọ̀rọ̀ bá mi sọ. Mo ní kò burú, tí ọmọdé ò bá gbọ́ èdè àgbà, kí àgbà lọ kọ́ ti ọmọdé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ kíláàsì àwọn àgbàlagbà ní Mápó. Ọmọ Kúdẹtì kan tó ń jẹ́ Tíṣà Deborah ló ń kọ́ wa, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó tutù bí omi àmù. Bọ́ọ̀lù ló fi ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ní tí òun bá mú nǹkan mìíràn wá, àwọn ọkùnrin á sùn. Ó ní "must" ni ti nǹkan tí kò ní àwáwí, bí aṣọ́lé tó ń mú bọ́ọ̀lù ṣe gbọ́dọ̀ dúró sẹ́nu ilé. "May" sì ni ti nǹkan tó lè rí bẹ́ẹ̀, tó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Mo ní ó ti yé mi, "may" ni owó tí ọmọ mi máa ń ṣèlérí. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ní Ọjọ́rú kan a ka ìwé nípa Obed. Aṣọ́lé ni, ọmọ dáadáa, ìyá rẹ̀ nìkan ló tọ́ ọ. Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n gbá àṣekágbá, ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ìwé ní ó lè gbá a, ó lè má gbá a. Ibẹ̀ ni Tíṣà pa ìwé dé, ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀! Muhydeen, oúnjẹ ò gba ọ̀fun mi. Ọmọ ọlọ́mọ wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń ro ó, kí n wá jókòó máa ta ọṣẹ? Mo sọ fún gbogbo agboolé, àwọn obìnrin káwọ́ lérí. Mo ránṣẹ́ pe Alfa Gàníyù. Ó bi mí lórúkọ ìyá Obed, mo ní ìwé ò sọ, ó ní kò sí wàhálà, a ó pè é ní ọmọ Hawa, ìyá gbogbo wa. A dín àkàrà, a fi ẹ̀kọ sí i, a pín in fún àwọn ọmọ ilé kéú. Àkíbù tó ń jórin ní Oríta-mẹ́rin, tí a jọ wà ní kíláàsì, gbé ṣúgà wá. Kò sẹ́ni tó bi wá pé ta ni Obed, wọ́n ṣáà ń ṣe àmín.

Ọjọ́rú kejì, a ṣí ìwé. Obed wọ pápá! Wọ́n gbá pẹ́nátì, ó fò, ó mú un! Mo dìde lórí bẹ́ǹṣì, gèlè mi já bọ́, Àkíbù bú sẹ́kún. Mo kígbe pé sàárà wa ti gbà. Tíṣà ní sàárà wo? Mo ṣàlàyé. Ó dorí kodò sórí tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mo rò pé òun náà ń sunkún ni. Nígbà tó gbórí sókè, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní Màmá, ẹnì kan ló jókòó kọ ọ̀rọ̀ Obed, ìwé náà sì ti pé ogún ọdún. Mo ní ṣé Ọlọ́run ò mọ̀ láti ogún ọdún pé a máa dín àkàrà lọ́dún yìí ni? Ó mọ̀, ó sì ti gba sàárà wa sílẹ̀ dè wá.

Jímọ́ọ̀ tó kọjá mo pe fóònù rẹ, o wà ní mọ́ṣáláṣí, Ayọ̀mikún ló gbé e. Mo gbé ìwé lé ẹsẹ̀, mo ń kà á fún un díẹ̀díẹ̀, ìka mi lórí ọ̀rọ̀. Mo dé ibi tí ẹsẹ̀ Obed ti wú, ó kígbe, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí bóyá Obed á gbá bọ́ọ̀lù náà. Gbogbo rẹ̀ ló yé mi! Orí mi wú. Mo ní ó lè gbá a, ó lè má gbá a, mo wá pa ìwé dé, bí Tíṣà ṣe ṣe wá. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ mí, ó ní kí n má lọ. Ọmọ tó dá fóònù padà nígbà Iléyá, Muhydeen, ó ní kí n má lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà. Tí mo bá pè, ó lè gbé e, kó sì bẹ̀ mí títí màá fi sọ. Jọ̀wọ́, fi owó jẹ́sí ránṣẹ́, òun ni a máa wọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò ìwé kíkà, nọ́ńbà méje ni mo fẹ́, nítorí ọjọ́ orí Ayọ̀mikún. Fi owó ẹ̀wà àkàrà mọ́ ọn, nítorí ọmọbìnrin eléré sísá kan wà lójú ìwé kẹjọ tí ikọ́ ń ṣe, ọkàn mi ò balẹ̀ sí i.

Tí Ayọ̀mikún bá ń yọ ẹ́ lẹ́nu nípa Obed, má sọ fún un o. Bẹ́yẹrúnkà ni ìparí rẹ̀ wà. Gbé e wá ní hólídè, tìyẹn kì í ṣe "may" o, "must" ni.

Ọlọ́run á bùkún ẹ. Ọjọ́ tí ìwọ náà bá darúgbó, ẹni tí o fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kò ní dá fóònù padà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sìdí, akẹ́kọ̀ọ́.