Òtẹ́lì Tí Mo Yàn fún Ìyá Làsísì

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Bristol níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn yìí kì í jẹ́ kí orúnkún mi kanlẹ̀ dáadáa mọ́. Mo kí Bàbá wa lórí ẹní àdúrà wọn. Mo kí àbúrò yín, Ìyá Ògbòòrò, tí òrí wọn kì í tán nílé wa. Ẹ̀gbọ́n mi Làsísì, ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí sí wọn létí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìlà kankan. Ibi tí mo bá ti bá Ìyá jà díẹ̀, ẹ kà á bó ṣe wà.

Mo ti ní kí wọ́n gbé lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn. Ẹ má bínú, Ìyá mi, n kò fẹ́ tú àṣírí yín. Ó dá mi lójú pé ìyá tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ pọ̀ ní Òkè-Ògùn, mo sì fẹ́ kí ọmọ tiwọn náà rí nǹkan kà sí wọn.

Ẹ ní ẹ kò wá mọ́. Físà ti jáde. Ẹ ti ra kànrìnkàn tuntun, Ìyá Ògbòòrò ti gbé òrí ọmọ sọ́tọ̀, gbogbo ilé sì ti ń pè yín ní Ìyá Ìlú Òyìnbó. Àfi ìgbà tí mo ṣàlàyé lórí fóònù pé yàrá kan ṣoṣo ni èmi àti Ràṣídì ọkọ mi ń gbé, pé onílé kò gbà kí ẹlòmíràn sùn níbẹ̀ àyàfi ọmọ tí mo bá bí, àti pé òtẹ́lì kékeré kan nítòsí ni ẹ ó máa sùn. Ẹ ní ẹni tó lọ́mọ nílùú kì í sùn sí òtẹ́lì. Ẹ bi mí pé kí ni ẹ fẹ́ wí fún àwọn ẹgbẹ́ yín ní àsàlátù. Ẹ ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, Ọlọ́run yóò bá mi wẹ ọmọ mi.

Mo mọ òtẹ́lì tí ẹ ní lọ́kàn. Èyí tó wà lójú ọ̀nà bọ́dà ni, tí wọ́n kùn ní pupa, tí àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Kútọnu máa ń sùn. Bí ọ̀kadà bá ti ń gbé wa kọjá níbẹ̀, ẹ ó fi ọwọ́ yí ojú mi sí òdìkejì. Obìnrin tó bá wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án, kí wọ́n tó pe ìrun àṣálẹ́, gbogbo Ṣakí ti gbọ́. N kò bá yín jà lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi náà. Àbígbẹ̀yìn yín ni mí. N kò ní àbúrò tí mo pọ̀n rí, n kò sì wẹ ọmọ tuntun rí. Àwọn arúgbó ni mo ń wẹ̀ fún níbi iṣẹ́ mi. Ọwọ́ mi ti mọ eegun àgbà, kò mọ ti ọmọ ọjọ́ kan. Nílùú yìí, bí òtútù bá dé, ilẹ̀ a máa ṣú nígbà tí ẹ̀yin ṣì ń kírun alásárì. Ràṣídì a ti gbé mọ́tò jáde kí n tó jí, ó ń pín ẹrù kiri, èmi a sì dá jẹun, n ó máa bá ikùn mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ ní ẹ kò wá mọ́, inú bọ́ọ̀sì ni mo wà. Mo fi ìborùn bojú, mo sunkún títí mo fi kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá mi. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ta ni ẹ wá fẹ́ kó bá mi tọ́ orí èyí?

Nígbà tí Ràṣídì wá ráyè, a jáde lọ wá ibi tí ẹ ó sùn. Àdúgbò kan wà lẹ́yìn afárá tí kò jìnnà sí wa, àwọn oníṣẹ́-ọnà ló pọ̀ níbẹ̀. Kò sí ògiri tó ṣófo. Wọ́n ya obìnrin kan tó ń bó ọsàn sára ilé, láti ìpìlẹ̀ títí dé òrùlé, èèpo ọsàn náà sì ń wọ́ bọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti máa ń wò ó tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn mo lọ fọwọ́ kàn án, inú mi dùn bí ọmọdé.

Òtẹ́lì tí a kọ́kọ́ wọ̀ ń dán bíi jígí. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ní àpótí kúkúrú tí ìyá mi lè jókòó lé nílé ìwẹ̀. Ẹ gbà mí! Wọ́n rò pé arọ ni yín. Wọ́n mú mi lọ sí yàrá àwọn tí kò lè rìn, wọ́n ń fi irin ìdìmú hàn mí. Mo ní ara ìyá mi le ju tèmi lọ. Ní ìkejì, wọ́n gbé àwòrán obìnrin kan tó wà níhòòhò kọ́ sókè ibùsùn. Mo rò ó bí ẹ ó ṣe kí ìrun àsùbáà lábẹ́ ìyá náà, ẹ̀rín pa mí débi pé Ràṣídì ní láti fà mí jáde.

Ìkẹta ni mo yàn. Wọ́n ti rán bàtà nínú ilé náà rí, amọ̀kòkò kan tó ń jẹ́ Rúùtù ló sọ ọ́ di òtẹ́lì. Yàrá ibẹ̀ kò pọ̀, kò sì sí èyí tó jọ èkejì, nítorí oníṣẹ́-ọnà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kùn wọ́n. Mo fi imú wá ọtí kiri bíi kọ́sítọ́ọ̀mù tó ń wá ìrẹsì ní bọ́dà wa, tíì àti búrẹ́dì nìkan ni mo gbóòórùn. Yàrá ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ilẹ̀ rẹ̀ pupa bíi ti ẹ̀yìnkùlé wa, ilé ìwẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, fèrèsé rẹ̀ sì ń wo àgbàlá tí oòrùn máa ń wọ̀. Ràṣídì wo ibi tí gábàsì wà tí ẹ ó kọjú sí kírun, igun tó mọ́ tónítóní ló bọ́ sí.

Mo tún béèrè àpótí mi. Rúùtù kò bi mí bóyá ẹsẹ̀ ń dùn yín, ohun tí a fẹ́ fi ṣe ló béèrè. Mo bá jókòó lé àpótí tó gbé wá, tèmi ti ikùn, mo na ẹsẹ̀, mo tẹ́ ìrọ̀rí sórí ojúgun mi, mo sì ń fi hàn án bí ẹ ṣe máa ń fi omi gbígbóná tẹ ẹ̀yìn ọmọ, bí ẹ ṣe máa ń fi òrí fa apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń wò mí. Nígbà tí mo ṣe tán, ó wọlé lọ gbé abọ́ amọ̀ tó tóbi jù nínú èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ, ó ní ṣé ó fẹ̀ tó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Wọn kì í kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn níbẹ̀. Àwo amọ̀ kékeré kan ló wà lẹ́nu yàrá kọ̀ọ̀kan, Rúùtù a sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ẹni tó ni yàrá síbẹ̀ títí yóò fi lọ. Ó béèrè orúkọ yín. Mo ti fẹ́ sọ èyí tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù, ni mo bá rántí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi Sàrátù bí àkọ́bí rẹ̀. Ẹ kò lọ sùn nílé ọkọ rẹ̀ rárá. Láràárọ̀ ló ń pọn ọmọ wá sílé yín kí ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin yóò sì ti gbé omi kaná dè é. Mo ní kí Rúùtù kọ Ilé Ìyá Làsísì.

Ó ti kọ ọ́, Ìyá mi. Bí àwọn ará àsàlátù bá bi yín léèrè, ẹ sọ fún wọn pé ẹ nílé ní Bristol, pé bí ọmọ yín bá bímọ, yóò máa gbé ọmọ wá bá yín níbẹ̀ láràárọ̀. Ẹ kò purọ́.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ tó wẹ̀ mí yìí wẹ ọmọ mi. Kó gbé yín gòkè, kó gbé yín sọ̀ láyọ̀. Kó fún Bàbá wa ní àlàáfíà, kó má jẹ́ kí òrí Ìyá Ògbòòrò tán láé. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Rúùtù ti kó kọ́kọ́rọ́ yín lé mi lọ́wọ́, mo so ó mọ́ ìborùn mi. Ó ní kí n máa lọ tún yàrá náà ṣe dè yín, ṣùgbọ́n n kò ní ṣí i. Èmi kọ́ ni mo nilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Sèkínátù