Omi Dídì fún Jẹ́wọ́nsọ

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé inú yín ò ní í dùn láti gbọ́ pé ohun jíjẹ ajá ti wọ inú fíríísà yín. Mo fọ àwọn ife rẹ̀ kí n tó gbé wọn síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀meje bí ẹ ṣe kọ́ mi nípa ohun tí ajá bá fẹnu kàn, iyanrìn sì wà nínú ti àkọ́kọ́. Igun ọwọ́ òsì, níbi tí ẹ máa ń to bísápù, omi sóbò dídì tí ẹ ń tà, sí, ni mo tò wọ́n sí. Ẹ má bínú. Ara Jẹ́wọ́nsọ ò yá ni.

Àìsàn tó pa yín náà ni, kídìnrín. Ó ti ń rù láti ìgbà tí a ti sin yín, mo sì rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é, torí ẹnu ọ̀nà yàrá yín ló ń sùn sí, òun tí kò tó bẹ́ẹ̀ kó kọjá géètì nígbà tí ẹ wà láyé. Nígbà tó kọ oúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo fi ìró yín aláwọ̀ ewé tó ti gbó yẹn dì í bí ọmọ ọwọ́, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ní àdúgbò Marcory, lódìkejì afárá. Takisí mẹ́ta ló kọ̀ wá. Onítakisí kẹrin ò rí ojú ọmọ tí mo gbé dání títí a fi kọjá afárá.

Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tí kò tó mi lọ́jọ́ orí, tẹ ikùn rẹ̀, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì dárúkọ àìsàn tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e ni mi ò retí. «Il faut qu'il boive, madame. Beaucoup, beaucoup.» Omi ni kí n máa fún un, Ìyá mi, omi púpọ̀. Bí kò bá fẹ́ẹ́ mu ún, kí n sọ ọ́ di yìnyín kó máa lá a. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá kì í ṣe pé kí n dín omi rẹ̀ kù. Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ pa ajá náà.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é. Mo máa ń se apá adìyẹ kan nínú omi púpọ̀, láìsí iyọ̀, láìsí kúùbù, láìsí àlùbọ́sà. Májèlé ni àlùbọ́sà fún ajá, bẹ́ẹ̀ omi ọbẹ̀ alálùbọ́sà la ti ń dà sí abọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Bó bá tutù, mo máa ń fi ṣíbí ré ọ̀rá tó léfòó kúrò. Mo tún máa ń gún pasitẹ́ẹ̀kì, bàrà pupa olómi tí ẹ fẹ́ràn yẹn, lẹ́yìn tí mo bá ti ṣa kóró rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá wá po elégédé bíbọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí ṣúgà níbẹ̀ rárá. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé bísápù tí kò bá lẹ̀ mọ́ ètè, omi ìfọwọ́ ni! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú náílọ́ọ̀nù bísápù yín ni mo rọ ọ́ sí kó lè dì, mo so ó bí ẹ ṣe ń so ó, kókó kan ṣoṣo. Ó kù díẹ̀ kí ajá gbé e mì tòun ti náílọ́ọ̀nù. Ìka ni mo fi fà á yọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Láti ìgbà náà, ife kékeré ni mò ń lò.

Ẹ ò fọwọ́ kan ajá náà rí. Olè tó já ìsọ̀ yín ní ọjà Roxy ló jẹ́ kí ẹ gbà á, orúkọ tí ẹ sì sọ ọ́, àwọn obìnrin àgbàlá wa lẹ fi ń bá wí, torí wọ́n ní kí ni Àlàájà ń fi ajá ṣe. Síbẹ̀, bí oòrùn bá ti kan àtàrí, mo máa ń rí yín tí ẹ ń ju ègé yìnyín sí i láti òkèèrè, tí ẹ óò wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. A máa ń gbọ́ bó ṣe ń rún un. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, òwe yín nìyẹn láàárọ̀ lálẹ́. Nígbà ààwẹ̀, ọ̀fẹ́ làwọn aláàárù ń mu bísápù yín bí oòrùn bá wọ̀. Ta ló wá dà á síwájú fún ẹ̀yin?

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí, mo sì ti ń sá fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Nígbà tí mo ti ọ̀dọ̀ dókítà ajá dé, mo wá bébà tí màá fi kọ ohun tó lè jẹ àti ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ. Mo fa ọ̀kan yọ lábẹ́ àwo oògùn yín. Bébà tí wọ́n fún wa nílé ìwòsàn ni, èyí tí mo kà sí yín létí: ife omi méjì lóòjọ́, kò gbọdọ̀ lé. Èmi tí ẹ fi owó bísápù rán nílé ìwé Faransé ni mo kà á. Mo yí i padà, mo rò pé ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Ìlà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ìkẹta ní bí òùngbẹ bá ń da aláìsàn láàmú, kó máa fi ègé yìnyín kékeré sẹ́nu, kó jẹ́ kó yọ́ díẹ̀díẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni bébà yẹn fi wà nílé, Ìyá mi. Mi ò yí i wò lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ bẹ̀ mí. «Yìnyín díẹ̀, ọmọ mi, bí èékánná báyìí péré.» Ẹ̀yin tí ẹ tà á fún odidi àdúgbò Adjamé. Mo ra àgádágodo, mo fi ti fíríísà, mò ń gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú báàgì lọ síbi iṣẹ́ ní àdúgbò Plateau. Inú mi tún ń dùn sí ara mi pé mo jẹ́ ọmọ tó ń gbọ́ ti dókítà. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, mo ti wá mọ̀.

Mo sọ fún gbogbo ará ilé pé ojú oorun lẹ gbà lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Irọ́ ni. Ìdí fíríísà ni mo bá yín nílẹ̀, ṣíbí wà lọ́wọ́ yín, ibi tí ẹ ti fi ha àgádágodo náà sì ń dán. Tanti Awa tí yàrá rẹ̀ kan tiwa gbọ́ tí irin ń dún lọ́sàn-án, ó rò pé iṣẹ́ lẹ ń ṣe. «Est-ce que moi je savais?», ṣé òun mọ̀ ni, ló ń wí, tó ń sunkún. Ibo ni ó ti fẹ́ mọ̀? Èmi àti òun la gbé yín padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Jẹ́wọ́nsọ ti wọlé kí n tó dé, ó dùbúlẹ̀ tì yín, mi ò sì lé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ pè mí lọ́jọ́ yẹn?

Àná ni mo dá lẹ́tà yìí dúró síbẹ̀ yẹn. Ìyá mi, ajá náà ti kú.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi jẹ yìnyín rẹ̀, ó ń rún un bí ìgbà tí ẹ̀ ń jù ú sí i, mo sì ti ń rò pé bóyá á yè. Láàárọ̀ yìí kò dìde. Mo gbé yìnyín kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo gbé e sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Kò lágbára àtirún un mọ́. Ó lá a títí ó fi yọ́ tán, ó lá ọwọ́ mi gbẹ, ó gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, ó sì lọ. Mo fọ ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀meje. Lẹ́yìn ìkeje mo ṣì dúró nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń ṣàn lọ lásán, mi ò lè tì í pa.

Mo ti ju àgádágodo yẹn nù. Tanti Awa àtàwọn ará àgbàlá ń mú omi tútù nínú fíríísà yín bó ṣe wù wọ́n. Ife ajá mẹ́rin ló kù ní igun òsì, mi ò sì tíì lè kó wọn jáde.

Ajá yín mu omi kó tó kú. Ìyá mi, ṣé wọ́n ti fún ẹ̀yin náà lómi níbẹ̀?

Èmi ni,
ọmọ yín tó gbé kọ́kọ́rọ́ lọ, tó sì fẹ́ràn yín.