Mo Sọ fún Ọ̀gá Mi pé Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Ìjàpá Náà Dáa

Irọ́ ni mo pa o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ̀rù tó tún bà mí... Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́, torí àwọn tó mọ̀ wá ní Mushin wà lórí page yìí. Wẹ́dà ni mí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, mo níyàwó, mo bímọ. Mo ti ṣe freedom tipẹ́tipẹ́, àmọ́ ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo ṣì wà. Mi ò lè fi í sílẹ̀ ni. Bàbá yẹn ló gbà mí sílé nígbà tí bàbá mi kú, ìyàwó rẹ̀ a sì máa bu oúnjẹ fún mi kó tó bu fún àwọn ọmọ tó bí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn kẹ́ ẹ tó bú mi.

Ojú ọ̀gá mi ti ń lọ, ó ti tó ọdún méjì. Tó bá fẹ́ jó irin méjì pọ̀, ìka ló fi ń wá ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, á fọwọ́ ra á lọ ra á bọ̀, á wá fi gíláàsì dúdú bojú, á ṣáná sí i... iná á sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi ni mo ń tún un ṣe. Tó bá ti lọ kírun Àsárì báyìí, màá sáré jó ibi tó fò, màá ha á kó dán, tó bá dé á fọwọ́ pa á, á rẹ́rìn-ín, á ní ọwọ́ òun ò tíì rọ. Ṣé ẹ rí ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe? Èmi ni mo jẹ́ kó gbà pé ojú òun ṣì dáa!

Ẹ máa ní kí ló dé tí mi ò sọ fún un. Mo sọ! Lọ́dún tó kọjá mo rọra ní ká lọ rí dókítà ojú. Hmm. Bàbá bínú débi pé ó fẹjọ́ mi sùn lẹ́gbẹ́ àwọn wẹ́dà, ó ní mo fẹ́ jogún ṣọ́ọ̀bù òun lójú ayé òun. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo àgbà, wọ́n ní kí n ṣèlérí pé mi ò ní dárúkọ ojú ọ̀gá mi mọ́, mo sì ṣe é. Oṣù kan gbáko ni kò fi dá mi lóhùn tí mo bá kí i. Ó dùn mí ju ìgbà tí bàbá mi kú lọ, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ni ẹ̀gbọ́n kan láti Surulere bá gbé ọkọ̀ ìjàpá, Volkswagen àtijọ́ yẹn, wá, èyí tí bàbá rẹ̀ fi ń gbé e lọ sílé-ìwé. Abẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún tán, tẹ́ ẹ bá tẹ inú ẹ̀, ẹsẹ̀ yín á kan títì. Ó ní ká ṣe ṣáásí tuntun, irin abẹ́ tó gbé ọkọ̀ ró, fún un látìbẹ̀rẹ̀, ká sì fi sípíríngì mọ́tò mìíràn sẹ́yìn rẹ̀ kó lè ga díẹ̀, torí òun fẹ́ fi gbé màmá òun lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìjàpá, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ẹ̀yìn ló ń ru gbogbo ẹ̀. Torí náà mo ní èmi ni màá jó ibi tí sípíríngì máa jókòó sí, ọ̀gá sì gbà. Ìyàwó mi wá ń rọbí, wọ́n ní àfi iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi wà lọ́sibítù. Nígbà tí mo padà dé, ọ̀gá ti jó ẹ̀yìn tán, ó ti kùn ún ní dúdú, wọ́n ti gbé bọ́dì lé e, ẹ́ńjìnnì ti wọlé. Ó ní òun ò fẹ́ kí n bá iṣẹ́ nílẹ̀, kí n lè ráyè tọ́jú ìyàwó mi. Àánú mi ló ṣe é o...

Ó ní kí n wọ abẹ́ rẹ̀ kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Apá ọ̀tún dáa. Apá òsì... ó jó o gùn, ó jó o dọ́gba, àmọ́ orí irin kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ wà, kò kan èkejì rárá. Ibi méjì péré tí wọ́n kọ́kọ́ fi iná tò ó mọ́ra, tí kò ju èékánná lọ, ló dì í mú; tó bá já lórí eré, ọkọ̀ lè dojú dé. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní báwo ni. Mo ní ó dáa sà. Ó tún bi mí, ó ní ṣé ó dá mi lójú... mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu ẹ̀ rí, ó rọ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí n sọ nǹkan. Mo tún ní ó dáa! Kí ló ṣe mí? Kí ló dí mi lẹ́nu? Ó ní alhamdulillah, ó pe ẹ̀gbọ́n náà lórí fóònù níṣojú mi, ó ní ọmọ òun ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Tí mo bá fẹ́ tún un jó, ẹ́ńjìnnì máa jáde, sípíríngì máa jáde, odindi ọjọ́ kan ni, àkókò ìrun kan ò lè tó o. Tí mo bá sọ fún oní-mọ́tò, iṣẹ́ tán fún ọ̀gá nìyẹn, wọ́n á sì ní ọmọ tó tọ́ ló dójú tì í. Mo tiẹ̀ ti rò ó pé kí n ba nǹkan jẹ́ lára ẹ́ńjìnnì kó má lè gbéra. Mẹkáníìkì á tún un ṣe ní wákàtí kan.

Wẹ́sìdeè lòní, Sátidé ni wọ́n ń lọ. Láàárọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n náà ní kí ọ̀gá bá àwọn lọ, kó wá gbádùn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, inú bàbá ń dùn ṣìnkìn. Màmá máa wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ọ̀gá mi àti ìyàwó rẹ̀ máa wà lẹ́yìn. Ó ti mú àyè tiẹ̀, ó ní apá òsì lòun fẹ́, lórí sípíríngì gan-an, kí òun lè máa fetí gbọ́ bó ṣe ń ṣe. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àǹtí mi, ṣé kí n lọ sọ ọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́ ni àbí kí n pe oní-mọ́tò? Báwo ni mo ṣe máa là á fún bàbá yìí pé ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì purọ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì?