Iyanrìn Dúdú Tó Sọ Mí Di Ọba Àjàrà

Abúlé Cherna Loza,
Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọdún Trífónì Mímọ́.

Ọmọ mi Radostina,

Mo kí ọ, ìyá rẹ kí ọ, ajá kí ọ, kódà Kiriak tí èmi àti ẹ̀ kì í gba ti ara wa kí ọ, ìdí tó fi kí ọ náà wà nínú lẹ́tà yìí, wàá bá a níwájú. Ṣé ara le? Ṣé àwọn ẹja náà ń jẹun? Ọlọ́run tó mú ọ dé Sófíà láyọ̀ yóò máa ṣọ́ ọ nínú ilé gogoro tí ò ń gbé yẹn, ẹ̀rọ tó ń gbé yín ròkè kò ní há sí agbedeméjì pẹ̀lú rẹ, iṣẹ́ ọ́fíìsì kò ní mú ọ fajú ro. Ìyá rẹ ní kí o jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

A rí fídíò ẹja tí o fi sórí fóònù. Mo kọ́kọ́ wẹ̀, mo wọ kóòtù tí mo wọ̀ níjọ́ ìgbéyàwó wa, kí n tó ṣí i, torí mi ò mọ̀ bóyá àwọn tó wà nínú rẹ̀ náà ń rí wa. Ìyá rẹ kí wọn, wọn ò dáhùn, ṣùgbọ́n ó ní ojú wọn jọ ti ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé. Ohun tó rú wa lójú ni ẹ̀rọ tí o ní o fi sínú omi náà kí ó lè máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọ mi, níbí, bí a bá ti fi iná sí omi tí ẹja wà nínú rẹ̀, àlùbọ́sà ló kàn. O ní ìwọ kò ní jẹ wọ́n, ìwòran lásán ni. Mo sọ fún àwọn ará abúlé, wọ́n ní bóyá báyìí ni wọ́n ṣe ń gbààwẹ̀ ní Sófíà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí o sọ pé òkúta funfun wẹ́wẹ́ tí o rà ní ṣọ́ọ̀bù ń gé irunmú wọn, pé funfun rẹ̀ sì ń dẹ́rù bà wọ́n tí wọ́n fi ń sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ, inú mi bàjẹ́, torí èmi náà mọ ohun tí irunmú jẹ́ fún ọkùnrin. O ní kí n bá ọ wá iyanrìn dúdú láti ilé, èyí tí kò ní pa wọ́n lára. Rada, jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú mi dùn débi pé mi ò rí oorun sùn. Láti ìgbà tí o ti lọ, bí a bá ní ká fi wàràkàṣì ránṣẹ́, wàá ní ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bí a bá ní ata inú ìgò, wàá ní ká má dààmú. Iyanrìn yìí ni ohun kan ṣoṣo tí o tíì tọrọ lọ́wọ́ bàbá rẹ, mo sì pinnu pé tojú tìyẹ́ ni mo máa fi wá a, mi ò ní fi èyí tí kò dáa ránṣẹ́ sí ọ.

Gbogbo ohun tí o ní kí n ṣe ni mo fi sọ́kàn. O ní kí n fọwọ́ pa á, kí ó má gún ni. O ní kí n fi òòfà wò ó, torí iyanrìn tó bá ní irin nínú máa ń lọ há sí ẹ̀rọ tó ń yí omi po. O ní kí n da fínígà lé e, bó bá hó, kì í ṣe irú rẹ̀ nìyẹn, torí á yí omi wọn padà. Mo gbé korobá lọ sí etí òkun, mo bu iyanrìn dúdú tí àwọn àlejò máa ń sin ara wọn sí nígbà ooru nítorí làkúrègbé. Mo rò ó pé ohun tó bá lè wo eegun sàn kò ní ṣàì wo irunmú sàn. Mo wá yọ òòfà ara ilẹ̀kùn fíríìjì, èyí tí o rà fún wa ní Gíríìsì, mo fi kàn án. Òòfà náà hu irun lójú wa! Mo dà á nù, mo lọ sí etíkun kejì tó wà lẹ́yìn àpáta, iyanrìn ibẹ̀ náà dúdú, òòfà ò sì kà á sí, inú mi wá balẹ̀.

Ó ku fínígà, ìyá rẹ sì ti da gbogbo èyí tó wà nílé sínú ìgò ata. Mo ronú, mo ní wáìnì ṣáà ni ìyá tó bí fínígà, kò sí ohun tí ọmọ á rí tí ìyá kò ní rí. Mo fa wáìnì nínú àgbá mi, àgbá tí mo ń tọ́jú de ọdún Trífónì Mímọ́, mo dà á lé iyanrìn náà, ó sì hó bí ọṣẹ. Ṣebí ìwọ lo ní fínígà ló ń mú iyanrìn hó? Wáìnì mi mú un hó, á jẹ́ pé wáìnì mi ti di fínígà nìyẹn, nígbà tí ọdún ku ọ̀la, ọdún tí mo ti ń lérí pé èmi ni wọ́n máa fi jọba àjàrà, pé orí tèmi ni wọ́n máa gbé adé ẹ̀ka àjàrà lé, kì í ṣe orí Kiriak tó ti sọ ọ́ di fìlà ilé rẹ̀. Mo tọ́ ọ wò, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìwọ lo kàwé, kí ni ahọ́n tèmi fẹ́ bá ọ jà sí?

Ni mo bá bu iyanrìn sápò, mo lọ kí Kiriak. Ó bu wáìnì fún mi, bó ṣe yíjú ni mo da iyanrìn sí i, tiẹ̀ náà hó, díẹ̀ ló kù kí n jó lójú ẹ̀. Mo yà nílé Manol tó ń wa bọ́ọ̀sì, ó hó. Mo dé ọ̀dọ̀ bàbá àlùfáà wa Panteley, mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo wá dà á sí i, ti ṣọ́ọ̀ṣì náà hó. Ìgbà yẹn ni ayọ̀ mi di ìbẹ̀rù, torí ó jọ pé gbogbo abúlé ló ń mu fínígà láìmọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì tí gbogbo wa pé sínú ọgbà àjàrà, tí àlùfáà ti gbàdúrà, tí a ti gé ẹ̀ka tí a sì ti ta wáìnì sí ìdí àjàrà, tó wá ku kí a yan ọba, mo gun orí àpótí. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí, mo ní kò sí wáìnì kankan ní Cherna Loza mọ́, àti tèmi àti tiwọn, mo sì da iyanrìn sínú kọ́ọ̀bù níwájú gbogbo wọn kí wọ́n fojú rí i. Ariwo ta. Kiriak ní ẹni tí wọn ò fi jọba rí ló wá fẹ́ tú ìlú. Àlùfáà ń bi mí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, pé ṣé mo ti dé ìdí wáìnì ti ṣọ́ọ̀ṣì ni, mi ò sì mọ ibi tí mo máa gbójú sí.

Ìyá rẹ ló yọ mí. Ó gbé ìgò ata rẹ̀ wá sí ibi àsè náà, ó ṣa ẹ̀rúnrún ìkarahun nínú iyanrìn mi, ó ta omi ata tó ní fínígà sí i, ìkarahun náà hó. Ó bu wáìnì mi sínú kọ́ọ̀bù tó mọ́, kò da nǹkan kan sí i, wáìnì náà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó wá kọjú sí mi.

Ó ní, “Bàbá Rada, ìkarahun ló ń pariwo. Kò sí ohun tó ṣe wáìnì yín, iyanrìn yín ni kò dáa, ohun tọ́mọ yín sì ní kẹ́ ẹ wò nìyẹn.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Kiriak rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nígbà tó sì mí, ó ní òun mọ ìyà tó tọ́ sí mi. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tó bá jọba ló ń ṣí àgbá rẹ̀ fún gbogbo ìlú. Ó ní kí wọ́n fi mí jọba kíákíá, kí n lè fi wáìnì mi san ẹ̀gàn tí mo gàn tiwọn. Bí mo ṣe dé adé nìyẹn o, wọ́n gbé mi sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọ́n kọrin dé ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n sì mu àgbá náà kan ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í kọ ọ̀rọ̀ sí ọba lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Àṣẹ àkọ́kọ́ tí mo pa ni pé kí wọ́n gbé wáìnì tó kù nínú kọ́ọ̀bù wọn, kí á lọ wá iyanrìn fún ẹja ọmọ mi. Gbogbo wọn ló tẹ̀ lé mi lọ sí odò kékeré tó gba ìsàlẹ̀ àpáta dúdú kọjá, nínú òtútù yẹn, arúgbó àti àgbà, wọ́n ń bu iyanrìn, wọ́n ń ta wáìnì sí i, wọ́n ń dẹtí sí i. Kiriak ló rí i, níbi tí odò ti ṣẹ́rí lábẹ́ igi. Ó ta wáìnì sí i, kò hó. Ó tún ta òmíràn sí i, ó dákẹ́. Òòfà ò rí nǹkan fà níbẹ̀, ìyá rẹ sì fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní kò gún òun rárá. Kiriak dúró nínú omi títí dé orúnkún, ó ní ọmọ òun tó wà ní Jámánì kò tíì tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ òun, àní òkúta lásán. Ó ní kí n bá òun kí ọ.

A fọ iyanrìn náà títí omi ẹ̀ fi mọ́ gaara, a sá a sórí aṣọ ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Níbi tí wọ́n ti ń fi ẹrù ránṣẹ́, wọ́n ní kí n kọ iye tí ẹrù náà tó sínú fọ́ọ̀mù, mo kọ ọ́ pé àgbá wáìnì kan àti iyì ọba. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní ẹ̀rọ òun ò gba irú iye bẹ́ẹ̀, ni mo bá gbé e fún Manol kí ó fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ gbé e wá bá ọ. Da omi sí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ó má dà rú mọ́ àwọn onírunmú lójú.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, kí a fi ra fínígà púpọ̀, torí kò bójú mu kí ọba tún máa fi wáìnì yẹ iyanrìn wò, bó bá sì ṣẹ́ kù, kí a fi tún àgbá ṣe. Má fi gba inú báńkì, ọmọbìnrin tó wà ní ojú fèrèsé ibẹ̀ ti lọ, ògiri ni wọ́n ní kí a máa bá sọ̀rọ̀ báyìí. Ọlọ́run yóò bù kún ọwọ́ rẹ, ọ̀nà rẹ yóò là, ọkọ gidi yóò wá ọ rí, irunmú àwọn ẹja rẹ yóò hù padà, gbogbo ohun tí o bá tọrọ ni wàá rí gbà.

Ìyá rẹ ní kí n má kọ èyí tó kàn yìí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ ọ́. Iyanrìn tí Manol gbé wá kò ní tó tẹ́ ìsàlẹ̀ àpótí gíláàsì rẹ. Mo mọ̀, mo ti wọ̀n ọ́n. Ìdajì ni. Ìdajì yòókù wà nínú yàrá rẹ níbí, ó mọ́, ó gbẹ, mi ò sì ní fi rán ẹnikẹ́ni. Wá mú un fúnra rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Stamat.