Ọmọ Ẹdun Kò Fẹ́ Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ọ̀bọ

Ìfọ̀nyìn

Sọ̀fíyù ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Libreville? Mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Àgbàdo oko Tchaada ti gbó. Oògùn tí o fi ránṣẹ́ ti mú orúnkún bàbá yín fúyẹ́.

Bọ̀n, ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n kọ́ Fawziath àbúrò rẹ ní kọlẹ́ẹ̀jì pé orírun kan náà ni ènìyàn àti ọ̀bọ ti ṣẹ̀ wá. Bàbá yín fárígá: amọ̀ ni Ọlọ́run fi mọ Ànábì Ádámọ̀, ọmọ òun kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Fawziath ní, “Bàbá, ṣebí ìbejì ni wọ́n bí yín? Ẹdun kì í ha ṣe ọ̀bọ? Kí ló dé tí Ìyá Àgbà fi máa ń kì yín ní ọmọ ẹdun?”

Síbẹ̀, bàbá yín kò yí ohùn padà. Ṣé o rántí bí Ìyá Àgbà ṣe máa ń kì í láàárọ̀, tí àgbàlagbà á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé? Láti ìgbà tí a ti sin ín, ilé dákẹ́. Mo gbìyànjú láti kì í, kò jọ tìyá rẹ̀.

Jọ̀wọ́, pè é lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Má bá a jiyàn Ádámọ̀. Kọ́kọ́ kì í ní ọmọ ẹdun, kí o tó bẹ̀bẹ̀ fún àbúrò rẹ. Bí o bá ń kì ènìyàn, ohùn Ìyá Àgbà ni à ń gbọ́.

Ọlọ́run á jẹ́ kí a fojú rinjú.

Ìyá rẹ,
Sìdíkátù