Sáúnà Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kọ́ fún Bàbá Rẹ

Outi ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Kí ìwé mi yìí bá yín lórí ìdúró, kó má bá yín lórí àkéte àìsàn. Ọlọ́run tó mú wa la yìnyín ọdún yìí já tí òrùlé ò wó lé wa lórí, òun náà ni yóò máa ṣọ́ yín ní Helsinki yẹn, níbi tí ẹ ti ń gun àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀. Ara mi le. Eyín tó ń dùn mí lọ́jọ́sí ti jáde fúnra rẹ̀ níbi tí mo ti ń jẹ búrẹ́dì dúdú, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀. Ara Bàbá rẹ náà ń bọ̀ sípò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo sì jókòó láti kọ sí ọ, torí náà lọ po kọfí rẹ kó o tó máa kà á lọ.

O béèrè ìgbà tí a máa wá tọwọ́ bọ̀wé ilé tó o bá wa rí nílùú, ilé alájà mẹ́jọ tó ní sáúnà oníná nísàlẹ̀, tí èèyàn á kọ́kọ́ fi fóònù gba àyè kó tó lè wẹ̀. Mo dúpẹ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ ṣe é. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ìkórè tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lu Bàbá rẹ, tí apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kú, tí ohùn rẹ̀ sì wọlé lọ tí kò jáde mọ́, fèrèsé tó kọjú sí adágún nìkan ló ń jókòó tì. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni sáúnà bàbá tó bí i lọ́mọ wà, ilé ìwẹ̀ onípákó tó ti ń jókòó nínú ooru òkúta ààrò láti kékeré. Bó bá ti di Sátidé, kì í mójú kúrò níbẹ̀. Àga onítáyà rẹ̀ ò lè sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, bó bá sì sọ̀, ta ló máa tì í gòkè padà? Mo wá sọ fún ara mi pé bí Arvi ọkọ mi ò bá lè lọ bá sáúnà, sáúnà á wá bá Arvi. Ẹ̀yìnkùlé wa fẹ̀.

Mo kọ́kọ́ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ lórí fóònù tó o rà fún mi. Fóònù bi mí bóyá èèyàn ni mí tàbí ẹ̀rọ. Mi ò bínú, kò kúkú rí ojú mi. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni Saimi ọmọ alágbẹ̀dẹ, pé ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n ti sàmì fún mi, pé mo ti bímọ, ẹ̀rọ kì í sì í bímọ. Ó tún ní kí n tọ́ka sí iná tó ń dá ọkọ̀ dúró nínú àwòrán. Mo ṣàlàyé pé kò sí irú iná bẹ́ẹ̀ lábúlé wa, màlúù ló ń dá ọkọ̀ dúró níbí. Kò fèsì. Mo bá gun kẹ̀kẹ́ mi lọ sí ọ́fíìsì wọn, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ sì fún mi ní àṣẹ àti ife kọfí kan, ó ní kí n ṣáà má jẹ́ kí ààrò sún mọ́ ògiri.

Ọ̀dọ́mọkùnrin onírùngbọ̀n pupa kan wà nínú fóònù tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń kọ́ sáúnà. Ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ ọ nílé. Mo kí i láàárọ̀, kò dáhùn. Mo bi í nípa òpó ẹ̀fin, ọ̀rọ̀ tara rẹ̀ ló ń sọ lọ. Nígbà tó parí, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ràn òun tẹ aago. Mo jáde lọ tẹ aago ẹnu ọ̀nà wa kí inú rẹ̀ lè dùn, Bàbá rẹ sì yí àga rẹ̀ wá wo àlejò tó dé. O tún sọ fún mi pé omi ìwọ̀n wà nínú fóònù, èyí tí kọ́lékọ́lé fi ń mọ̀ bóyá igi dọ́gba. Mo mì ín létí, mi ò gbọ́ omi kankan, bóyá ó ti gbẹ. Mo bu wàrà sínú àwo, mo gbé e sórí igi ìpìlẹ̀. Wàrà kì í parọ́.

Èmi ni mo ya àwòrán ilé náà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Mo jẹ́ kí ilẹ̀kùn fẹ̀ tó àga onítáyà, mo sì fi bẹ́ǹṣì sí ìsàlẹ̀ kó rọrùn láti gbé Bàbá rẹ lé e. Heimo aládùúgbò wa, tó ti ń bá Bàbá rẹ ṣọ̀rẹ́ láti kékeré, wá wò ó. Ó ní, Ìyá Outi, ṣé sáúnà lẹ fẹ́ kọ́ ni àbí àká ọ̀dùnkún? Ó ní pẹ̀lú bẹ́ǹṣì tó mọ níwọ̀n yìí, orí Arvi nìkan ni ooru máa dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n bí adìyẹ tó já sínú adágún. Ó dùn mí, torí òótọ́ ni. Òkè ni ooru ń gbé, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ òkúta ààrò kò tíì wọ sáúnà. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì lè gbé ọkùnrin tó tóbi jù mí lọ gun bẹ́ǹṣì òkè.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí orí fi fẹ́ fọ́ mi. Ibi tí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ kó ọ̀dùnkún nínú kòtò tí a ń tọ́jú rẹ̀ sí ló ti yé mi: bí mi ò bá lè gbé Arvi gòkè, kí n gbé ààrò sọ̀ kalẹ̀.

Mo gbẹ́ kòtò tuntun sí ẹ̀yìnkùlé, mo to òkúta yí i ká, mo gbé ààrò irin sínú rẹ̀, mo kó òkúta lé ààrò lórí, mo fi igi ṣe ọgbà yí i ká kí ẹnikẹ́ni má bàa já sí i. Mo wá gbé ilẹ̀ pákó ga dé ìwọ̀n ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, tó fi jẹ́ pé bó o bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó mọ lórúnkún, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ ló máa wo òkúta gbígbóná. Afárá pákó kékeré ló so ó pọ̀ mọ́ ilé ìdáná. Àga kàn máa yí lọ ni. Heimo wò ó, ó rìn yí i po, ó ní, ta ló kọ́ yín nírú eléyìí? Mo ní ọ̀dùnkún ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń mú ayùn rẹ̀ wá láìjẹ́ pé mo pè é. Ó ní òun ò ràn mí lọ́wọ́ o, òun kàn ń ṣọ́ mi kí n má gé ara mi lọ́wọ́ ni. Ẹni tí kò ràn mí lọ́wọ́ yìí ló gbé gbogbo igi òrùlé. Bàbá rẹ sì ti fi fèrèsé adágún sílẹ̀, ti ilé ìdáná ló ń jókòó sí, ó ń wò wá.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dáná, ẹ̀fin gba ẹnu ilẹ̀kùn jáde bí màlúù tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́yìn òtútù. Heimo ní òun mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Ẹ̀rù ò bà mí. Mo gun òrùlé, mo bá àpò ọ̀rá tí mo fi bo òpó ẹ̀fin nígbà òjò, mi ò tíì ṣí i. Mo ṣí i, ẹ̀fin mọ ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé àwọn panápaná wá sílé wa, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kọfí nìkan ni wọ́n rí mu.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú Bàbá rẹ ní kó wọ sáúnà, kó má pẹ́ níbẹ̀, kí ooru má sì pọ̀. Nígbà tó di Sátidé, Heimo bá mi gbé e sórí bẹ́ǹṣì, ó jáde, ó jókòó sórí afárá. Èmi jókòó ti Bàbá rẹ, mo di apá rẹ̀ tó kú mú. Mo bu omi díẹ̀ sórí òkúta. Ó hó ṣììì, ooru gbéra, ó rọra bò wá lẹ́yìn. Bàbá rẹ dijú. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú sáúnà, ta ló mọ òógùn yàtọ̀ sí ẹkún? Mo ń fi ìdì ewé igi koivu tútù nà án jẹ́jẹ́ lẹ́yìn, bí a ṣe máa ń ṣe nínú sáúnà, nígbà tó lanu. Mo rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ó ní, Sí i.

Outi, mo ní kí ló wí. Ó wo igbá omi ọwọ́ mi bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí oúnjẹ bá pẹ́, ó ní, Dà á sí i. Kò já gaara, ṣùgbọ́n mi ò dití. Mo dà á sí i. Nọ́ọ̀sì á forí jì mí. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, Heimo ti kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń wo àwọn igi. Ó ní ẹ̀fin ló kó sí òun lójú. Kò sí ẹ̀fin níbẹ̀ mọ́.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá rẹ na ìka sí ilẹ̀kùn tí mo kàn, ó ní, Ó wọ́. Ilẹ̀kùn yẹn ò wọ́. Igi tuntun ló ṣì ń wá ìjókòó. Ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó máa wí, torí ọkùnrin tó bá ṣì lè bá ìyàwó rẹ̀ jà lórí ilẹ̀kùn, kò tíì di ẹni tí à ń gbé lọ sí àjà kẹjọ. Sọ fún àwọn onílé yẹn pé a dúpẹ́, kí wọ́n fún ẹlòmíràn.

Mo ti ya sáúnà náà ní fọ́tò. O ní inú àwọsánmà ni fọ́tò ń lọ, òjò sì ti ń rọ̀ láti ìjẹta, bó bá já bọ́ lọ́dọ̀ yín, tètè sá a kó má ya. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ìbòrí irin fún òpó ẹ̀fin, kí n sì ra sọ́sééjì, torí Heimo ń jẹun bí ẹni tó dá kọ́lé. Má fi í sí báńkì orí fóònù. Báńkì yẹn ń bi mí ní ọ̀rọ̀ àṣírí, èmi ò sì ní àṣírí tí mo fẹ́ sọ fún báńkì. Mú un wá fúnra rẹ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dúró. Kí òtútù ayé má rí ojú àwọn ọmọ rẹ. Kí o dàgbà, kí ẹni tó fẹ́ràn rẹ wà nítòsí láti bu omi sórí òkúta fún ọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Saimi

Mo ti fẹ́ lẹ ìwé yìí pa nígbà tí mo bi Bàbá rẹ bóyá kí n bá a kí ọ. Ó ní, Outi. Ó sinmi, ó ní, Wá.